Òòfà Tí A Wọ́ Káàkiri Àlàpà

Òórùn òjé ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà ní Ìbàfò ni bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe. Bó ti wù kí n fi aṣọ bo imú tó, èéfín òjé tó ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná rẹ̀ á wọlé wá bá mi lórí ẹní. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo jáde bá a níbi tó ti ń tú sípíkà ńlá kan tó ti ya. Ó yọ òòfà inú rẹ̀, ó jù ú sí mi, ó ní, "Gbà, lọ fi ṣeré, kí n lè rímú mí."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn, ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá ní òòfà, ọba ni láàárín ẹgbẹ́. Èmi àti Ṣìkírá, ọmọ onílé wa, so okùn mọ́ tiwa, a sọ ọ́ ní Bíńgò, a sì ń fà á kiri bí ajá. Kò sóhun tí Bíńgò kì í jẹ. Ó jẹ ìṣó, ó jẹ ìdérí ìgò, ó sì jẹ abẹ́rẹ́ ìyá mi, èyí tó mú kí èmi náà jẹ ìgbátí.

Àlàpà kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ilé alámọ̀ tí bàbá Ìyá Àgbà kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà yìí ni ìyá onílé wa, òun ni ìyá bàbá Ṣìkírá. Òjò ti wó ilé náà palẹ̀ tipẹ́, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ nìkan ló sì ń kí i. Ṣìkírá ló sọ fún mi pé àwọn ará àtijọ́ máa ń fi owó pamọ́ sínú ògiri: ṣílè, tọ́rọ́, àti onínì tó ní ihò láàárín. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti ń sín onínì tèmi sí okùn lọ́kàn, mo ti fi í sọ́rùn lọ sílé ìwé, mo sì ti ń yan.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ Bíńgò lórí àlàpà. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ la ó gbẹ́. A rí ìṣó páànù, a rí ìdajì sáásì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, a rí àgádágodo ńlá kan tó ti dípẹtà, tó ṣì wà ní títì pa. Owó la fẹ́, a kò fẹ́ àgádágodo. A kó gbogbo irinkírin náà dà sí ìdí igi ìbẹ́pẹ, a tún padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí bàbá mi bá wa níbẹ̀ tí òógùn bò wá, tó gbọ́ ohun tí à ń wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé òòfà máa ń fa ṣílè? Irin nìkan ló mọ̀!" Inú bí mi sí Bíńgò débi pé mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí mi.

Lásìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ńlá wọ ilé. Bàbá Ṣìkírá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí àlàpà náà, katakata sì ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ìyá Àgbà fi igbe ta. Inú yàrá tí bàbá rẹ̀ ń sùn nínú ilé alámọ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń sin àgbà láyé ijọ́un. Ó ní, "Orí bàbá mi lo fẹ́ kí katakata gbà kọjá?"

Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ ṣáà fi ojú ibẹ̀ hàn mí, màá fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Àmọ́ tí ẹ ò bá mọ ibẹ̀ ńkọ́?"

Kò mọ ibẹ̀ mọ́. Àárọ̀ ni, ìrọ̀lẹ́ ni, á dúró láàárín koríko, á na ọwọ́ síhìn-ín, á na ọwọ́ sọ́hùn-ún. "Ibí kọ́. Ó jọ pé ọ̀hún ni." Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó jókòó sórí òkúta, ó sì sunkún. N kò tíì rí àgbà tó sunkún rí. Ẹ̀rù bà mí. Ṣìkírá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì wò ó pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tiwọn ni wọ́n ń wá yẹn, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Ìyá Àgbà wá já ewé ìbẹ́pẹ, ó sì rí òkìtì irin wa. Ó mú àgádágodo náà.

"Ta ló rí èyí?"

A kúnlẹ̀ kíá. Ṣìkírá ní, "Bíńgò ni, Ìyá."

"Ajá ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí a ṣàlàyé tán, ó ní ọwọ́ òun ni òun fi ti àgádágodo yẹn mọ́ ilẹ̀kùn yàrá bàbá òun lọ́jọ́ tí wọ́n kó kúrò nílé náà, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i mọ́. Ó ní kí a mú òun lọ síbi tí a ti rí i. A kò tíì dí ihò kankan, ọ̀lẹ wa sì ṣe wá láǹfààní lọ́jọ́ yẹn, nítorí ihò àgádágodo ló tóbi jù.

Ìyá Àgbà dúró létí ihò náà, ó bọ́ bàtà. Ó tẹ orí ba, bí ẹni tó ń gba abẹ́ àtẹ́rígbà kọjá, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi afẹ́fẹ́. Ṣìkírá sáré gba ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ọmọ yìí, ògiri lo gbà kọjá yẹn! Padà, kí o gba ẹnu ọ̀nà!"

Ṣìkírá padà. Èmi náà bọ́ bàtà, mo tẹ orí ba, mo wọlé. Ìyá Àgbà yà sápá ọ̀tún, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri tí kò sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣiyèméjì. Ó dé ibì kan, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o."

Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ibẹ̀ ká kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Títí dòní, ṣọ́ọ̀bù kan kúrú ju àwọn yòókù lọ níbẹ̀, ẹni tó háyà rẹ̀ kò sì mọ ìdí.

Magboro ni mò ń gbé báyìí. Wọ́n ti wó ilé tí a háyà yẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ mi gba ibẹ̀ kọjá, ó sì bi mí pé, "Mọ́mì, níbo lẹ máa ń sùn sí?" Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo dijú, mo ń retí kí ẹsẹ̀ mi mú mi lọ. Kò mú mi lọ síbì kankan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ọjọ́ ogbó ló mú kí Ìyá Àgbà gbàgbé ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Èmi kò tíì darúgbó, mo sì ti sọ ibi tí mo ń tẹ́ ẹní sí nù. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ náà ṣì ń wò mí lójú. Mo na ọwọ́ sí ibì kan, mo ní, "Ibẹ̀ yẹn ni." Ó gbà mí gbọ́.