Ọ̀rọ̀ Tí Àdúgbò Dá Nítorí Mi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ ní òpópónà wa ní Bárígà, tí mi ò lè gbọ́ kí n gbójú sókè. "Bájù" ni. Ẹni tó bá dágbére tí kò lọ, wọ́n á ní ó ti bájù. Orí mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó.

Nígbà tí "japa" gba ẹnu gbogbo èèyàn, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń fi ilé ìwé wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ní mò ń lọ. Ẹni tó ń bá mi ṣe físà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ti dájú. Mo fún aládùúgbò kan ní ìkòkò mi, mo fún òmíràn ní fáànù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ nawọ́ sí mi, wọ́n gbàdúrà. Ìyá mi, tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà, di ẹja gbígbẹ sínú ike fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ gan-an ni èsì dé: wọn ò fún mi ní físà.

Mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé àpótí mi sínú takisí, mo sọ fún ìyá mi pé kò sí àyè fún un láti sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú. Ó dúró, ó ń juwọ́ títí a fi yà. Bájùláyé ní Ṣómólú ni takisí náà já mi sí, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń di ìwé nílé ìtẹ̀wé ló gbà mí sí yàrá rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Ìyá mi á pè mí lórí fóònù.

"Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ó mú díẹ̀, mà."

"Kí ló ń dún yẹn?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. "Rélùwéè ni," ni mo wí. "Ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbà."

Bí mo bá pa fóònù tán, mi kì í lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, mò ń pọn omi bọ̀, mo pàdé obìnrin kan láti ilé wa tó wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo garawa. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún ìyá mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sọ fún ìyá mi lóòótọ́. Àwọn ará ilé wa yòókù ló sọ fún. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìyá mi fi pè.

"Ẹja yẹn ti tán?"

"Ó kù díẹ̀."

"Mo fẹ́ fi òmíràn ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni yóò gbé e wá." Ó tún ní: "Tàbí kí o wá mú un fúnra rẹ."

Mo sunkún débi pé ọ̀rẹ́ mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé àpótí wọlé. Wọ́n kí mi káàbọ̀ bí ẹni tó ti ọjà dé. Nígbà tó yá, iná lọ, ó tún dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan ní yàrá kejì ní, "Iná ti bájù." Ìyá rẹ̀ sáré bò ó lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé inú Bájùláyé ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí mi.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé àwọn òpópónà mìíràn, ó sì ń rí ẹni bá wí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti dágbére fún wà ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń ya fọ́tò níwájú ògiri funfun ní Fádèyí, ó ń pè é ní òkè òkun. Ìyẹn ò dín ìtìjú mi kù. Bí a bá pọ̀ débi tí a fi ní ọ̀rọ̀ tiwa, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí a ti ń parọ́ fún àwọn ìyá wa.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń yan ẹja, mo bi ìyá mi bóyá òun náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

"Mo ti sọ ọ́," ló wí. "Oníbàárà kan dágbére, kò lọ, mo ní ó ti bájù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo tó bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá."

Ó ní kí n yí ẹja tó wà lọ́dọ̀ mi padà, pé ó ti fẹ́ jóná.