Màrìwò Tí Àbúrò Mi So Sétí Ọ̀sà

Òórùn ọ̀sà Àjàṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń kí mi tí mo bá dé ilé wa àtijọ́: ẹrẹ̀, èéfín ẹja, àti epo bẹntiróò inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀, àyà mi á já.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lísé, ilé ìwé girama wa, ni. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbin igi sétí omi, irú èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè, tí ẹja ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan wá ń da iyanrìn síbẹ̀ kó lè ta ilẹ̀ ibẹ̀ fáwọn tó fẹ́ kọ́lé. Àbúrò mi lọ bá àwọn aláṣẹ. Faransé dídùn ni wọ́n fi dá a lóhùn, ọkọ̀ oníyanrìn kò sì dúró. Ọkùnrin náà wá ránṣẹ́ sílé wa pé: “Ẹ bá ọmọ yín wí, kí omi má baà bá yín bá a wí.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí màrìwò tí wọ́n so yí àwọn igi náà ká. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí màrìwò bá wà, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, àwọn àgbà ojúbọ nìkan ló sì lè so ó. Àwọn awakọ̀ rí i, wọ́n ṣẹ́rí padà. Inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo rí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò mi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti ya.

“Ìwọ lo so ó?”

“Kò sóhun mìíràn tí wọ́n ń bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọkùnrin oníyanrìn nìkan ni mo ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, àbúrò mi tún ti bá mi wá ìbínú àwọn àgbà ojúbọ kún un.

Kò pẹ́ tí bàbá tó ń ṣọ́ ojúbọ àdúgbò fi ránṣẹ́ pè wá. A kúnlẹ̀. Mo ń gbàdúrà nínú pé kí àbúrò mi purọ́.

“Ta ló fún ọ láṣẹ?”

“Kò sẹ́nìkan, bàbá. Èmi ni mo so ó.”

Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ògiri. Òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Bàbá ní: “O ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú u lójú àwọn awakọ̀ yẹn, mo ti kọ́ ìlú pé màrìwò ṣeé tú nìyẹn.” Ó mú màrìwò tútù, ó ṣíwájú wa lọ sétí omi, ó sì so tirẹ̀ lé e níṣojú àwọn awakọ̀. “Ìwọ ni wàá máa bá mi gbé tuntun wá. Ẹni tó bá fẹ́ bi ọ́ léèrè, èmi ni kó kọ́kọ́ bi.”

Mo rò pé ẹ̀rù yóò tán lára mi lọ́jọ́ yẹn. Kò tán. Ọkùnrin oníyanrìn náà kó ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà Adjarra, ìlú tó wà nítòsí wa, lọ, àbúrò mi sì tẹ̀ lé e débẹ̀ pẹ̀lú ariwo ẹnu rẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ewé lásán ni màrìwò. Ìbẹ̀rù ni ọgbà tó yí àwọn igi yẹn ká, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù kí wọ́n tó lè dúró.

Bí ewé bá ti gbẹ, àbúrò mi àti bàbá á lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi kì í bá wọn lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, títí n ó fi gbọ́ ìró bàtà àbúrò mi.