Omi Tí Mo Dà Lé Sódà

Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni ìyá mi, ọṣẹ dúdú ló sì ń ṣe. Á kó eérú sínú ajere, á máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Eérú kọ́kọ́, omi lẹ́yìn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré nìyẹn.

Nígbà tí èmi náà fẹ́ máa ṣe ọṣẹ tà ní Ọjà Igbó, kọ́sítíìkì sódà ni mo rà dípò eérú. Mo kó o sínú ike, mo da omi lé e, bíi ti ìyá mi.

Kò sí iná lábẹ́ ike náà, àmọ́ ó hó. Ó ta sókè, ó bà mí lójú ọ̀tún.

Ọmọbìnrin mi, tó ń kọ́ kẹ́mísírì níléèwé, ló fà mí dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi.

“Ẹ lajú, Màámi! Ẹ má dì í!” Ó ń fi ife da omi sí i láìdúró.

Ìyá kan ládùúgbò sáré mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá. “Kíkan ló ń pa sódà. Yàgò, ìwọ ọmọ tó sọ ara rẹ̀ di dókítà!”

“Ẹ má bínú, mà. Ó ń pa á lóòótọ́, àmọ́ ooru ni wọ́n fi ń jà tí wọ́n bá pàdé. Ojú Màámi kọ́ ni wọ́n máa ti jà á.”

Oró náà pọ̀ débi pé mo na ọwọ́ sí ọsàn náà. Ọmọ mi gbá ọwọ́ mi kúrò. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa gba oríta Takie lọ sílé ìwòsàn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé itan, ó ṣì ń dà á.

“Ìjókòó mi o!” ni awakọ̀ ń pariwo.

Dókítà ní omi yẹn ló gba ojú náà là. Mo wo ọmọ mi tí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, mo sì bọ́ ìborùn mi fún un.

Mo ṣì ń ṣe ọṣẹ. Omi ni mo ń kọ́kọ́ bù báyìí, kí n tó máa rọra wọ́n sódà sí i. Síbẹ̀, àyà mi máa ń já, mo sì máa ń pe ọmọ mi.

“Màámi, ẹ kúkú ti mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀. Ṣáà dúró tì mí.”

Á sì dúró.