Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tí A Ń Fi Kún Èémí Ìyá Mi

Ẹ̀rọ máa ń tètè wọ̀ mí lójú. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré, n kò sì lè parọ́ pé àgbà ti wò mí sàn. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Alábàtà, iyẹ̀pẹ̀ oko àti omi kànga la máa ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Bí iná bá ti lọ, tí gbogbo ẹ̀rọ wa dákẹ́, fóònù ni mo máa ń gbé jáde láti ka nípa ohun tuntun tí àwọn èèyàn ń ṣe káàkiri ayé. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa kámẹ́rà tó kéré bí oògùn oníhóró, tí aláìsàn á gbé mì, tí yóò sì máa ya fọ́tò ìfun rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni aago ọwọ́ ìgbàlódé fi ń ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Nígbà tí mo ra tèmi, mo so ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí tábìlì, ó sì ka ìlù ọkàn fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ní láàbù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. N kò bi ara mi léèrè ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi ni mo máa ń ro gbogbo rẹ̀ fún. Aláró ni. Àgbàlá ilé wa ní Aké ni ìkòkò aró rẹ̀ wà, òun àti ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ni wọ́n sì jọ ń pa aṣọ láró níbẹ̀ láti ìgbà tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bí mo bá ti yọ lọ́jọ́ Sátidé, á ní, "Dókítà ẹlẹ́rọ, ẹ káàbọ̀ o. Kí ni wọ́n tún ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo ro ti kámẹ́rà yẹn fún un. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ní, "Tó bá wá jáde ńkọ́? Ta ni wọ́n bẹ̀ pé kó lọ ṣà á?"

Mo ní wọn kì í ṣà á, wọ́n á fi omi ṣàn án lọ ni.

"Kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́! Ayé wọn ti dẹ̀ jù."

Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ kí n bá òun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ọwọ́ méjèèjì ti dúdú fún aró, láti orí ìka dé òkè ọrùn ọwọ́, èékánná rẹ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n kùn ún. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ọ̀kan di epo pupa, n kò rí àwọn yòókù mọ́. Ó ní ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ bí aró bá ti pé, ṣé rọ́bà ló máa wá sọ fún òun? Tó bá lọ gba ìdàpọ̀ mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ aró náà ló máa ń tẹ́ síwájú àlùfáà, kò sì tijú. Èmi ni mo máa ń tijú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì tọrọ ìdáríjì fún ìyẹn.

Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ikọ́ dé bá a, kò sì tètè lọ. Mo bá ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi há ìka, irú èyí tí gbogbo ayé ń wá nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ó máa ń sọ bí atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ó máa ń kọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún sókè. Mo há a mọ́ ìka ara mi, ó kọ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo há a mọ́ ìka ìyá mi, ó kọ ọ̀kànlélọ́gọ́rin.

Mo ní kó dìde, mo ní ká máa lọ. Ó ní aṣọ oníbàárà wà nínú aró, mo ní kí aṣọ jóná tó bá fẹ́ jóná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sínú takisí. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, gba ọwọ́ ìyá mi, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mà, aláró ni yín, àbí?"

"Aláró ni mí."

Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ tiwọn jáde, ó há a mọ́ etí rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ yìí ń tàn gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà kọjá, èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó máa ń gbé e mì, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lódì kejì ni ẹ̀rọ ń kà. Aró náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì. Lójú ẹ̀rọ, obìnrin aláró àti ẹni tí èémí ń tán lọ lára rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó ní tí mo bá fẹ́ mọ òótọ́, kí n máa há a mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí n máa gbé e wá fún wọn kí wọ́n wo ti etí.

Ìdí ìkòkò ni ìyá mi kọ́kọ́ gbà lọ bí a ṣe délé. Aṣọ náà ti pẹ́ jù nínú aró, ó ti bàjẹ́.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tí n kò lè ṣàtúnṣe rẹ̀ mọ́ rèé. Ìyá mi ní òun ò ní máa na ẹsẹ̀ sí ẹ̀rọ láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé léèékánná. Èmi náà kò fẹ́ máa wọkọ̀ láti Alábàtà wá wo etí rẹ̀. Mo bá jókòó, mo yọ ọ̀kànlélọ́gọ́rin kúrò nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, "Mọ̀ọ́mi, iye yòówù tó bá kọ, ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un." Inú mi dùn sí ara mi. Mo tiẹ̀ ro ó fún wọn ní láàbù, pé mo ti rí ọgbọ́n dá fún ẹ̀rọ tí kò mọ aró.

Láti ọjọ́ náà, bí aago bá ti lu méje àárọ̀, mo ti pè é.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Kí ló kọ?"

"Ó kọ mẹ́jọ, ó kọ méjì."

"Ẹ fi tiwa kún un."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ṣé kí n máa lọ sáré ìje ni?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ìgbà mìíràn á jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ìgbà mìíràn á jẹ́ ọ̀kànlélọ́gọ́rin. Kì í yàtọ̀ púpọ̀, mo sì fẹ́ràn bí kì í ṣe é yàtọ̀.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀ fún mi. Àwọn àgbẹ̀ láti ìhà Owódé ń kó iyẹ̀pẹ̀ wá ní àpò àpò, n kò sì wá sílé fún bí oṣù méjì. Fóònù ni mo gbára lé. Mo ṣàkíyèsí pé ìyá mi ti ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, á sọ méjì, á dákẹ́, á sọ ẹyọ kan. Nẹ́tíwọ̀kì ni mo dá lẹ́bi. Mo tiẹ̀ bú wọn.

"Ẹ ṣì ń pa aṣọ láró, Mà?"

"Mo wà nídìí rẹ̀ báyìí."

Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè dúró nídìí ìkòkò mọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan aró kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé tí mo bá gbọ́, mo máa ní kó kó ẹrù wá sọ́dọ̀ mi, kó fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ohun tó ń bà á lẹ́rù ju àìsàn lọ. N kò sọ èyí láti dín ẹ̀bi tèmi kù. Ó parọ́ fún mi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀rọ náà kọ kò parọ́ fún mi ní ìgbẹ̀yìn, èmi ni mo ń fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ ọ́ di irọ́.

Ọjọ́rú kan ni ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ wa, wá o. Ìyá rẹ ò lè dùbúlẹ̀ sùn, orí ìjókòó ló ti mọ́jú." Ọ̀kadà ni mo gùn láti Alábàtà wọ ìlú. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá mi ti ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin fún mi, mo sì ti fi tiwa kún un, mo ní kó lọ mu tíì.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn lọ́tẹ̀ yìí kéré lọ́jọ́ orí. Ó há ẹ̀rọ mọ́ ìka ìyá mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé atẹ́gùn wá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Mà. Aláró ni. Ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un."

Ó yí ọwọ́ ìyá mi síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ní, "Aró wo?"

Mo wo ọwọ́ náà. Ó mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ olùkọ́, kìkì etí èékánná ni aró ṣẹ́ kù sí, bí okùn tín-ín-rín. N kò rí ọwọ́ ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, omi sì ti ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó bi mí bóyá a rí àmì kankan nílé. Mo ní a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ó ní, "Iye wo ló ń kọ?" Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo wá rò ó dé òpin, lórí àga inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá le ni, ó yẹ kí iye yẹn máa gòkè bí aró ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dé àádọ́rùn-ún, kó kọjá rẹ̀, kí n wá fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un kó ju ọgọ́rùn-ún lọ, kí ojú mi là. Kò gòkè. Bí aró ṣe ń jáde lọ́wọ́ ni omi ń wọ àyà, èkíní ń dín, èkejì ń pọ̀, iye náà sì dúró sójú kan láràárọ̀, mo sì ń fi ìdúró rẹ̀ yangàn. Ìyá mi kú ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ojú rẹ̀ là, ó di ọwọ́ mi mú, kò ní èémí tó lè fi sọ ohunkóhun.

A sin ín. Àwọn èèyàn ń wá, àga kò gbà wọ́n. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé mo ṣe ọmọ, pé ta ló tún ń pe ìyá rẹ̀ láràárọ̀ láyé ìsinsìnyí, pé mo tiẹ̀ ra ẹ̀rọ fún un. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Mo sọ "ẹ ṣeun" náà títí ó fi ń rùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbà náà wá pẹ̀lú àwọn aláró mẹ́ta mìíràn. Wọ́n jókòó, wọ́n sọkún díẹ̀, wọ́n sọ ìtàn tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà wá tú etí ìró rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ kan jáde, irú ti ìyá mi gẹ́lẹ́.

"Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ló fi ránṣẹ́," ó ní. "Ìyá rẹ ló kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Gbogbo aláró àdúgbò ló kọ́. Ó ní ọmọ òun tó wà ní láàbù ló ṣírò rẹ̀ fún òun, pé ká máa fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Ó fi ẹ yangàn o!" Ó mí kanlẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tèmi kọ ọgọ́rin láàárọ̀ yìí. Ọgọ́rin àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dára, àbí?"

Àwọn tó kù mi orí pé ó dára. Mo wò ó, bó ṣe fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń wọlé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

"Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́, Mà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n wò ó létí yín. Ìṣirò yẹn ló pa ìyá mi."

Ìyá àgbà wo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí.

"Kì í ṣe ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Èmi ni, Mà."

Ó di ẹ̀rọ náà padà sínú ìró. Ó di àga mú, ó dìde, ó sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n mú òun lọ kí dókítà tó kúrò nídìí iṣẹ́. Wọ́n tò jáde níkọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó kí mi kú ará fẹ́ra kù nínú wọn.