Bàbá Yíǹkì àti Alágbàfọ̀ Àwòrán

Ọjọ́ tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé mọ Bàbá Yíǹkì dáadáa ni ọjọ́ tó wá gba ojú adìẹ rẹ̀. Kì í ṣe adìẹ tó ń jẹ àgbàdo kiri o. Adìẹ inú ìwé ni, ìwé kíkà àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá náà fi gègé àti yíǹkì ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé tán, wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i nílé, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohùn náà dé ṣáájú ẹsẹ̀.

"Ẹ dá ojú adìẹ mi padà!"

Obìnrin tó ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ kò ó lójú, torí tábìlì rẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó gba àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà sórí bébà, kó fi ẹ̀rọ kà á wọ inú kọ̀ǹpútà, kó nu gbogbo àbàwọ́n ara rẹ̀, kó sì tún ìlà rẹ̀ fà títí yóò fi dúdú minimini lórí funfun báláú. Bàbá ṣí ojú ewé kejìlá sí i níwájú. Adìẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó ní ojú nínú wọn.

Ó yé obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Bébà bàbá máa ń kún fún ẹ̀kán yíǹkì tíntìntín, òun ló sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó pa gbogbo ohun tó bá kéré bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ èwo ni ẹ̀kán, èwo ni ojú.

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé jáde láti inú yàrá rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

"Ẹ̀rọ?" Bàbá wo yíká ọ́fíìsì bí ẹni tó ń wá olè. "Ẹ pè é jáde! Kó wá sọ ohun tí adìẹ mi ṣe fún un!"

"Bàbá, adìẹ lásán ni. Àwọn ọmọdé ò lè mọ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ba tirẹ̀ jẹ́. "Ọmọdé ò lè mọ̀? Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i! Ó ní kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń sùn lórí ìdúró. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún un? Pé ó rẹ̀ wọ́n?"

Igba ìwé ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá ò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí, ó mú gègé jáde nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú sí adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é, gbogbo ẹni tó bá sì kí i ló ń dá lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ n gbájú mọ́ afọ́jú mi." Nígbà tó fi máa fi ẹgbẹ̀fà ojú sí i tán, ó dìde, ó nu ọwọ́, ó sì yíjú sí obìnrin ìdí kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ Alágbàfọ̀," ó ní, "bí o bá tún fẹ́ fọ nǹkan mi, bọ́ ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o tó rẹ ẹ́."

Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Kí oṣù yẹn tó parí, ọ̀gá pàápàá ti ń pè é ní Alágbàfọ̀.

Láti ìgbà náà, bàbá ò fi àwòrán sílẹ̀ fún un kó máa lọ mọ́. Ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, ó ní àga ọ́fíìsì ń yí kiri, òun ò sì lè máa ṣọ́ ènìyàn lórí ohun tó ń yí kiri. Ó gbé e sí ẹ̀yìn Alágbàfọ̀. Bó bá ti fọwọ́ kan máòsì, ìfura bẹ̀rẹ̀.

"Kí lo ń pa rẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ìka yín ni, Bàbá. Ẹ ti fi yíǹkì tẹ ìka mọ́ ọn."

"Ìka mi! Bí o bá pa ìka mi rẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo yà á?"

"Orúkọ yín wà lẹ́yìn ìwé, Bàbá."

"Lẹ́yìn kẹ̀?" Bàbá ò gbàgbọ́. Ó yí ìwé kan padà, ó gbé awò sójú, ó wá orúkọ náà títí, ó rí i nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó kọrí sí yàrá ọ̀gá láì kan ilẹ̀kùn. A ò lè ní wọ́n jọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó jáde tẹ̀ lé e, orúkọ bàbá wà níwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àkọlé.

Ọjọ́ kan wà tí Alágbàfọ̀ rò pé òun máa fi ohun kan mú inú bàbá dùn. Ó ṣí àwòrán ìyá àgbà kan tó ru omi, ó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ìlà tó ń wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì sì tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá àgbà tí ẹ yà ni, Bàbá."

"Irọ́ ni. Ìyá àgbà tí mo yà ti ru omi fún àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn eléyìí ò tíì gbé ìrọ̀rí rí."

Bọ́tìnnì mìíràn tó tún dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tí Alágbàfọ̀ fi ń dá àṣìṣe padà. Bàbá rí i tó fa ìlà kan, ìlà náà ṣì, ó tẹ nǹkan, ìlà náà sì pòórá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Bàbá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bàbá nàka sí kọ̀ǹpútà.

"Ọdún méjìlélógójì ni mo fi di èémí mú kí n tó gbé gègé lé bébà! Ẹ̀yin wá ní nǹkan báyìí, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Bàbá, kì í ṣe lórí bébà ló ti ń ṣiṣẹ́."

Bàbá bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó sún àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó lè pa ohun tí èèyàn sọ fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ yìí rẹ́?"

"Rárá o, Bàbá."

"Kò wúlò," ni bàbá wí, ó sì sún àga padà.

Lóòótọ́, bàbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi bo àṣìṣe. Yíǹkì dà sórí àwòrán yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà tán, ó sì bà lé abẹ́ tábìlì olùkọ́. Dípò kó fa bébà ya, ó fi etí méjì àti ìrù kan sí i, ó sọ ọ́ di ológbò dúdú tó ń sùn. Òǹkọ̀wé tó ni ìtàn náà rí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé ìtẹ̀wé lulẹ̀.

"Kò sí ológbò nínú ìtàn mi!"

"Ó wà níbẹ̀," ni Bàbá Yíǹkì dá a lóhùn. "Ẹ ò kàn wo abẹ́ tábìlì dáadáa nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ ni."

Alágbàfọ̀ fẹ́ là wọ́n. Ó ní òun lè yọ ológbò náà kúrò kíákíá, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Bàbá wò ó bí ẹni tó ní òun fẹ́ pa ènìyàn. Òǹkọ̀wé gbé ìbínú rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, ó padà wá pẹ̀lú ojú ewé méjì tuntun tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ ológbò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, òǹkọ̀wé sì ń sọ káàkiri pé ojú oorun lòun ti rí ológbò náà. Nínú gbogbo ohun tó bí Bàbá Yíǹkì nínú láyé, èyí ló le jù.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Kò gbà. Ó ní tábìlì òun ló ń mì. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá, ló sọ ọ́ fún Alágbàfọ̀ nígbà tí ìyẹn wá kí wọn nílé. Bàbá ti ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣì ń mì. Ó pe káfíńtà. Káfíńtà jókòó lé tábìlì náà, ó fò lórí rẹ̀ díẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

"Ó lé e jáde," ni Ìyá wí. "Ó ní káfíńtà tí ò bá gbọ́ èdè tábìlì, kó lọ máa ta iyọ̀."

Ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá nígbà náà jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: télọ̀, alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, oníbàtà. Ọgbọ̀n àwòrán ni. Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, gbogbo ìlà wọn ń gbọ̀n bí òwú tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ọ̀gá yẹ̀ wọ́n wò, ó mi orí.

"Alágbàfọ̀, fa gbogbo ẹ̀ tọ́. Bí kò bá tọ́, màá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i."

Àánú bàbá ṣe Alágbàfọ̀. Ó ronú pé kàkà kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ó sàn kí òun fà á tọ́. Ó fà á tọ́, ọgbọ̀n àwòrán, ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó sì mú wọn lọ sílé bàbá. Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú pálọ̀. Alágbàfọ̀ ti ki ara rẹ̀ láyà de ariwo. Ariwo ò wá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

"Ta ló ya èyí?" ni bàbá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Má parọ́ fún mi nínú ilé mi."

"Bàbá, mo rò pé torí tábìlì tó ń mì…"

"Kò sí ohun tó ṣe tábìlì." Bàbá wo Ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀? Ṣùgbọ́n télọ̀ tí mo yà yìí, ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ọwọ́ tiẹ̀ náà ń gbọ̀n. Mo jókòó tì í látàárọ̀ títí di ọ̀sán. Òun ń gbọ̀n lórí aṣọ, èmi ń gbọ̀n lórí bébà, a sì gbọ́ ara wa yé." Ó gbé bébà náà sókè, ohùn rẹ̀ náà sì gòkè. "Ìwọ wá lọ ya ọmọge kan tó ń dúró de fọ́tò!"

Alágbàfọ̀ kó àwọn bébà náà, ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Ojú tì í dé ọ́fíìsì. Ó pa gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń na ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ìlà bàbá lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá yà sápá òsì, òun náà yà. Bó bá kọsẹ̀, òun náà kọsẹ̀. Ó nu ìdọ̀tí bébà kúrò, ṣùgbọ́n kò nu bàbá kúrò. Iṣẹ́ tí ì bá gbà á ní ọjọ́ méjì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí bọ́tìnnì kankan tó bá a ṣe é.

Ọ̀gá rí i, ó pariwo. "Mo ní kí o fà á tọ́!"

Ọdún mẹ́sàn-án tí obìnrin yìí ti wà níbi iṣẹ́, kò gbóhùn sókè rí. Lọ́jọ́ yẹn ó ti àga sẹ́yìn, ó dìde.

"Ta ló sọ fún yín pé èèyàn tọ́? Ẹ wo ọwọ́ télọ̀ yìí! Ẹ wò ó dáadáa! Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti ránṣọ fún ìdajì ìlú? Bí ẹ bá fẹ́ ìlà tó tọ́, ẹ lọ ra rúlà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé!"

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí i. Òun pàápàá gbọ́ ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá wo àwòrán náà, ó wò ó, ó tún un wò.

"Bàbá yẹn ti kó ìwà rẹ̀ ràn ọ́," ni ọ̀gá wí níkẹyìn, ó sì fọwọ́ sí i.

Ìwé náà jáde bí bàbá ṣe yà á. Ó fi gbogbo òwúrọ̀ kan gbé awò lé e, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń wá ohun tó máa fi bá wọn jà. Kò rí i. Ó pe Alágbàfọ̀ lórí fóònù, ó ní ohun tí wọ́n ṣe yẹn ò dára, torí wọn ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún òun láti bínú.

Oṣù kejì sí ìgbà náà ni bàbá sùn lọ lórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá ránṣẹ́ sí Alágbàfọ̀ pé kó wá bá òun tú àwọn bébà tí bàbá fi sílẹ̀. Páálí méjì ni. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkòkò tí kò ní ìdí, ẹsẹ̀ ẹṣin, ọwọ́ ẹnì kan tí wọn ò mọ̀. Ní ìsàlẹ̀ páálí kejì, wọ́n bá àwòrán Ìyá fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń tòògbé lórí àga, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀. Bàbá ò sọ fún un rí pé òun yà á.

Ìyá gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú, inú sì bí i. "Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí fi mí ṣe! Ẹ wo imú! Ọmọ mi, wò mí, wo bébà. Ṣé imú mi tóbi tó báyìí?"

Alágbàfọ̀ wo imú, ó wo bébà. Ìyá rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n rín in títí Ìyá fi ń fi etí ìró nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọ̀, Alágbàfọ̀ ní, "Ìyá, mo lè bá yín dín in kù. Kò le rárá."

Ìyá fa bébà náà mọ́ àyà. "Dín kí ni kù? O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Bó ṣe rí mi nìyẹn."

Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kí Alágbàfọ̀ sọ ọ́ di ńlá, kí òun lè fi kọ́ ògiri. Ó wà ní pálọ̀ rẹ̀ di òní. Bí àlejò bá wọlé, tó wò ó, tó sì ní, "Ìyá, èyí ò mà jọ yín o," Ìyá á gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kò jọ mí báwo?" á ní. "Ta ló tún mọ̀ mí tó ẹni tó yà á?"