Irin Réluwé fún Afárá Wa

Afárá kúkúrú tó wà ní ojú ọ̀nà ńlá wa ní Àgídìngbì ti dípẹtà tán. Orí rẹ̀ ni tírélà ń gbà kó ẹrù jáde ní àwọn ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, wọ́n sì ní kí n bá wẹ́dà àgbà tó ń jó irin ní àdúgbò wa àti ẹnjiníà tí yóò fọwọ́ sí iṣẹ́ náà lọ yan irin ní Agége. Obìnrin ni ẹnjiníà yìí. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò rí.

Wẹ́dà kò wo irin tuntun tó wà nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ irin réluwé àtijọ́ ló lọ tààrà, ó gbá a lábàrá.

"Èyí ni. Láti ayé òyìnbó ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gùn ún. Tírélà wo ló fẹ́ fọ́ ọ?"

"Bàbá, tírélà kọ́," ni ẹnjiníà fèsì. "Iná tí ẹ máa fi jó o ló máa bà á jẹ́."

Wẹ́dà yíjú sí mi. "Tíṣà, ṣé bí ẹ ṣe kọ́ wọn nìyí? Afárá irin réluwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni mo jó o ni?"

"Ẹ má bínú," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná."

Ó jó ègé irin réluwé méjì pọ̀, ó jó ègé irin tuntun méjì pọ̀. Ojú ibi tó jó mọ́ tónítóní. Èmi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. A dúró kí wọ́n tutù. Mo mọ̀ pé bí ti réluwé bá dúró, alága ẹgbẹ́ onílé wa kò ní gbọ́ ti ẹnjiníà mọ́.

Wẹ́dà fúnra rẹ̀ gbé òòlù ńlá. Ó lu irin tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tẹ̀, kò já.

"Ó rọ̀ jù," ó ní.

Ó lu ti réluwé lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dún pàá, ó sì já sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó.

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ṣe é kó le, Bàbá, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin má baà tètè jẹ ẹ́. Tí iná bá tún kàn án, ó ti le jù nìyẹn. Irin afárá gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó já, kéèyàn lè rí i, kó sá."

Wẹ́dà mú ègé kan nílẹ̀, ó wò ó títí.

"Ẹ kọ irin tuntun sínú ìwé, Tíṣà."

Mo kọ ọ́.

Nígbà tí a padà dé Àgídìngbì, kò wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń yẹ abẹ́ afárá ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló nahùn pe ìyàwó rẹ̀ pé kó sọ fún ayálégbé wọn kó má tíì wa mọ́tò rẹ̀ jáde.