Àga Màmá Mi

Owó àga oníke kan ní Mowe lónìí ì bá san owó yunifásítì mi nígbà èwe mi títí mo fi gboyè. Bí mo bá ti gbọ́ iye àga, ọkùnrin kan tó ń ra àga àlòkù ní Ìbàfò ni mo máa ń rántí. Kì í wo iwájú àga. Yóò dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò fi itọ́ pa ìdí rẹ̀, yóò gbóòórùn igi náà, yóò sì mi orí bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí àga Màmá mi ní Ifọ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹja méjì sí lẹ́yìn.

"Màmá, igi ìdáná lẹ gbé kalẹ̀ yìí."

Wọ́n gbà á gbọ́. Owó ọṣẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ síwájú mi. Mo jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì tọ́jú àga Màmá. Ẹnìkan fẹ́ fi mílíọ̀nù rà á, àmọ́ ó ní àfi kóun mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìlú tó ti wá. Ẹ dákun."

"Ta ló ń gbẹ́ igi ìdáná?"

Àwa mẹ́rin la mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀. Agbẹ́gi náà ti kú tipẹ́. Màmá mi ti kú, àbúrò wọn náà ti lọ. Èmi nìkan ló kù láyé, n ò sì ní sọ ọ́.